Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ṣe Bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìpinnu Àwọn Ẹ̀dá Ìtàn inú Game of Thrones

Láti ìgbà tí Game of Thrones, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn ìdílé tó ń du ìtẹ́ ilẹ̀ Westeros, ti kógbá sílé ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àríyànjiyàn orí rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Bí àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀ bá pàdé níbi ìkómọ, à ń jà. Bí a bá pàdé níbi òkú àgbà, à ń jà. Kì í ṣe lórí dírágónì tàbí idà la ti ń jà o. Orí ìpinnu ni: kí ló dé tí lágbájá fi ṣe báyìí nígbà tí ọ̀nà mìíràn wà? Mo ti ka ìwé márààrún, mo sì ti wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Ẹni tí kò bá tíì wò ó kó kọ́kọ́ lọ wò ó ná, nítorí mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́.

Eré nìkan ni mo wò, mi ò ka ìwé. Ṣé mo lè bá yín dá sí i?

Ẹ lè dá sí i dáadáa. George R. R. Martin, ará Amẹ́ríkà, ló ń kọ ìwé náà, tó pe àkópọ̀ rẹ̀ ní A Song of Ice and Fire. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1996, ìkejì ní 1998, ìkẹta ní 2000, ìkẹrin ní 2005, ìkarùn-ún ní oṣù keje ọdún 2011. Ó ṣèlérí méjì sí i. David Benioff àti D. B. Weiss ló sọ ọ́ di eré fún HBO, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2011 ló sì bẹ̀rẹ̀. Sáà mẹ́jọ ni, apá 73. Sáà mẹ́fà àkọ́kọ́ ní apá mẹ́wàá mẹ́wàá, ìkeje ní méje, ìkẹjọ ní mẹ́fà péré. Ẹ fi òǹkà yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nígbà tó fi máa di sáà kẹfà, eré ti ré kọjá ibi tí ìwé dé. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí Martin ti sọ fún wọn lẹ́nu nípa bí ìtàn yóò ṣe parí, pẹ̀lú èrò tiwọn, ni wọ́n fi ń rìn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bá wa dá sí i ni pé kó má kánjú pe ẹnikẹ́ni ní òmùgọ̀ tàbí wèrè. Nínú ìwé Martin, ojú ẹnì kan ṣoṣo la fi ń wo orí kọ̀ọ̀kan. Inú ọkàn ẹni tó ń pinnu la wà, à ń gbọ́ bó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn tó ṣe eré bá yọ ìdí kan kúrò tí wọ́n sì fi ìpinnu sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tó pinnu ni yóò ru ẹ̀bi ohun tí wọ́n yọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà wa ti wá.

Ṣé òmùgọ̀ ni Ned Stark ni? Ta ló ń lọ sọ fún ọ̀tá pé òun ti mọ àṣírí rẹ̀?

Kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ned, olúwa Winterfell tí Ọba Robert fi ṣe Ọwọ́ Ọba (igbákejì ọba), ti rí i pé ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Cersei ayaba bí kì í ṣe ti ọba, pé Jaime tó jẹ́ ìbejì Cersei ni bàbá wọn. Ó pe Cersei sí kọ̀rọ̀, ó ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kó sá lọ kí Robert tó ti igbó ọdẹ dé. Cersei kò sá. Robert ni wọ́n gbé dé lórí ìdùbúlẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti ya á nínú, ọtí líle tí ìbátan Cersei kan ń rọ fún un ló sì mú kí ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

Kí ni Ned ń rò? Ọmọdé ló ń rò. Lọ́jọ́ tí Robert gba ìjọba, àwọn ará Lannister, ìdílé Cersei, pa àwọn ọmọ kéékèèké tí Rhaegar, ọmọ ọba tó wà lórí ìtẹ́ ṣáájú, bí, wọ́n gbé òkú wọn wá síwájú ìtẹ́, Robert kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ned kò gbàgbé rí. Ẹ rántí pé ní sáà àkọ́kọ́ náà ló fi iṣẹ́ Ọwọ́ Ọba sílẹ̀ nítorí pé Robert fẹ́ rán apànìyàn sí Daenerys, àbúrò Rhaegar, tó wà nínú oyún. Ẹni tó bá lè fi ipò sílẹ̀ torí ọmọ ọ̀tá tí wọn ò tíì bí, kò lè wá kó ọmọ mẹ́ta lé ọba lọ́wọ́ láti pa. Ó mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ó kàn gbà pé ewu náà kò tó ẹ̀jẹ̀ ọmọdé.

Ibi tí mo ti gbà pé ó ṣìṣe ni alẹ́ tí Robert ń kú lọ. Renly, àbúrò Robert, wá bá a, ó ní òun máa fún un ní ọgọ́rùn-ún idà, kí wọ́n lọ mú àwọn ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ned kọ̀, kò fẹ́ máa wọ́ ọmọdé lórí ibùsùn lóru. Kàkà bẹ́ẹ̀, Littlefinger, olùtọ́jú owó ọba, ló gbára lé pé kó bá òun fi owó fa ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú mọ́ra. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ohun kan wà tí eré yọ kúrò. Nínú ìwé, Sansa, ọmọ Ned, lọ bá Cersei, ó sọ fún un pé bàbá òun fẹ́ kó òun àti Arya àbúrò òun kúrò ní King's Landing, olú ìlú, nítorí pé kò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Joffrey, ọmọ Cersei tó ń retí láti fẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ìfẹ́ ló ń pa á. Eré kò fi ìyẹn hàn, gbogbo ẹrù sì wá dà lé Ned nìkan lórí.

Ní ti irọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ pa níwájú gbogbo ìlú pé ọ̀dàlẹ̀ lòun: nínú túbú, nígbà tí Varys, olórí amí ọba, kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí ara rẹ̀, kò dá a lóhùn bí ẹni tó fẹ́ yè. Ìgbà tí Varys dárúkọ Sansa ni ọkàn rẹ̀ yí. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú orúkọ rere wá fi orúkọ yẹn ra ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ lọ́jà. Joffrey gba owó, kò sì já ọjà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Sean Bean tó ṣe Ned ló wà lórí ìtẹ́ nínú àwòrán ìpolówó sáà náà, nítorí náà kò sẹ́ni nínú yàrá wa tó gbà pé ó lè kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dìde, ó ní wọ́n máa jí i padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó retí títí.

Ta ló fa ìparun Robb: òun fúnra rẹ̀ ni, àbí Catelyn ìyá rẹ̀?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ lé, torí pé ìwé àti eré kò sọ ohun kan náà rárá.

Robb, àkọ́bí Ned tó kó ogun lọ bá àwọn ará Lannister, tí wọ́n sì padà fi jọba ní àríwá, ṣèlérí fún Walder Frey, olúwa odi etí odò kan, pé òun máa fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, kí Frey lè ṣí afárá fún àwọn ọmọ ogun òun. Ó wá lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ní eré, Talisa ló fẹ́, olùtọ́jú aláìsàn tó ti Volantis wá. Wọ́n rí ara wọn lójú ogun, ìfẹ́ wọ̀ ọ́, ó sì gbé e níyàwó ní ìparí sáà kejì. Ẹni tó bá wo ìyẹn á ní: ọba kan fi ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tàfàlà nítorí obìnrin. Mi ò lè bá a jiyàn.

Nínú ìwé, Jeyne Westerling lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ọfà bà Robb, ó dùbúlẹ̀ sílé àwọn òbí Jeyne, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìròyìn èké wá pé wọ́n ti pa Bran àti Rickon, àwọn àbúrò rẹ̀. Jeyne ń tù ú nínú, wọ́n bá ara wọn sùn, ó sì gbé e níyàwó lọ́jọ́ kejì kí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ má bàa bàjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n bẹ́ bàbá rẹ̀ lórí. Inú ilé tí òun àti Jon Snow, tí wọ́n ń pè ní ọmọ àlè Ned, jọ dàgbà ló ti wá, ó sì mọ ojú tí ayé fi ń wo ọmọ àlè àti ìyá ọmọ àlè. Ẹ wò ó: ọlá kan náà tó pa Ned ló pa Robb. Eré yọ ọlá, ó fi ìfẹ́ sí i, ọmọ kò sì jọ bàbá mọ́.

Ti Catelyn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú Jaime Lannister, tí wọ́n mú lẹ́wọ̀n lójú ogun, sílẹ̀ lóru kí wọ́n lè fi Sansa àti Arya dá a padà. Nínú ìwé, ó ti gbọ́ pé ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ti kú kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú túbú yẹn. Ìyá tó rò pé ọmọbìnrin méjì ló kù fún òun, yàtọ̀ sí Robb, ló ń ṣòwò. Ní eré, kò tíì gbọ́ ìròyìn náà nígbà tó tú Jaime sílẹ̀; wọ́n ní nítorí pé Rickard Karstark fẹ́ pa ẹlẹ́wọ̀n náà ni. Wọ́n kàn yí ohun méjì po ni, èyí tó yẹ kó ṣáájú wá tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn sì ti ń bú Catelyn láti ọdún 2012.

Ẹ̀bi ta ni, nígbà náà? Bí ẹ bá fipá mú mi, màá ní Robb. Ìyá rẹ̀ sọ fún un kó má rán Theon, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdógò nílé wọn, padà sọ́dọ̀ bàbá Theon, kò gbọ́. Theon ló gba Winterfell, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun mìíràn ti ṣẹ̀ wá.

Ṣé Walder Frey kò ní àre kankan ni? Wọ́n ṣáà já ìlérí fún un.

Ó ní ẹ̀dùn, kò ní àre. Ó pe Robb, Catelyn àti àwọn èèyàn wọn síbi ìgbéyàwó nílé rẹ̀, ó fún wọn ní búrẹ́dì àti iyọ̀ kó tó pa wọ́n lórí ìjókòó. Yorùbá tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ ìmùlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un: ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ní ìparí sáà kẹta, Bran sọ ìtàn alásè kan tí àwọn òòṣà sọ di eku, kì í ṣe nítorí pé ó pa èèyàn, bí kò ṣe pé àlejò abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló pa. Apá tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó yẹn gan-an ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ó sì bọ́ sí i dáadáa.

Ṣé bàbá kan lè sun ọmọ rẹ̀ bí Stannis ṣe sun Shireen?

Stannis ni àbúrò Robert tó ń jà fún ìtẹ́; ó fi Shireen, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rúbọ nínú iná kó lè ṣẹ́gun. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé irú ẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Àwa tí wọ́n sọ ìtàn Mọremí fún láti kékeré kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, odò ràn án lọ́wọ́, Ifẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lẹ́rú, odò sì ní Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lòun fẹ́. A kì í sọ pé Mọremí ò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà máa dunni títí dòní ni pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé bàbá kò lè ṣe é ni ẹjọ́ tèmi. Ẹjọ́ tèmi ni ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Ní apá kẹrin sáà karùn-ún, Stannis sọ fún Shireen bí àrùn awọ ara ṣe fẹ́ pa á nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, bí gbogbo èèyàn ṣe ní kó gbé e jù sí ọ̀nà jíjìn, àti bí òun ṣe kó gbogbo oníṣègùn ayé jọ nítorí rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó dì mọ́ ọn. Stephen Dillane kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ibi tí yóò gbà sí lẹ́yìn ọmọ náà ló sọ gbogbo rẹ̀. Ní apá kẹsàn-án, tó jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2015, ó sun ún. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ramsay Bolton, ọ̀tá Stannis tó wà ní Winterfell, àti ogún ọkùnrin yọ́ wọ ibùdó, wọ́n dáná sun oúnjẹ, yìnyín sì ń já bọ́. Ogún ọkùnrin, láti bo ọ̀gá ogun tó mọ ogun jù nílẹ̀ náà! Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí ìlú tí wọ́n ń kó lẹ́rú lọ́dọọdún. Stannis sun ọmọ rẹ̀ nítorí pé àwọn tó ṣe eré nílò kó ti sun ún kí sáà tó parí.

Benioff sọ lẹ́yìn apá náà pé ọ̀dọ̀ Martin làwọn ti gbọ́ ọ, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tó ti jáde, Shireen wà lẹ́bàá Ògiri, odi ńlá ní ìpẹ̀kun àríwá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Stannis sì wà lọ́nà Winterfell, ọ̀nà wọn jìn síra. Nínú orí kan tí Martin ti jẹ́ ká rí látinú ìwé kẹfà, Stannis ń sọ fún ẹni tó ń rán níṣẹ́ pé bí òun bá kú, kí wọ́n jà títí wọ́n á fi gbé ọmọbìnrin òun gorí ìtẹ́. Bí bàbá yìí bá padà sun ọmọ yìí nínú ìwé, ohun tó máa ti í débẹ̀ á ju oúnjẹ tó jóná lọ.

Kí ló dé tí Littlefinger fi fi Sansa fún Ramsay ṣe ìyàwó?

Nínú ìwé, kò fi í fún un. Jeyne Poole, ọ̀rẹ́ Sansa láti kékeré, ni wọ́n purọ́ mọ́ pé Arya ni, òun sì ni wọ́n fún Ramsay. Sansa wà ní agbègbè Vale ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń fi orúkọ mìíràn jẹ́, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ayò òṣèlú lọ́wọ́ Littlefinger.

Àwọn tó ṣe eré fẹ́ kí òṣèré tí gbogbo ayé ti mọ̀ wà ní Winterfell, ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n ní Littlefinger kò mọ irú ẹni tí Ramsay jẹ́. Ọkùnrin tó ní amí ní gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, tó mọ iye gbèsè tí ọba jẹ, ni kò gbọ́ nípa ẹni tó ń bó èèyàn láwọ láàyè! Ìpinnu yìí kò bá Littlefinger mu rárá, Sansa ló sì fara gba á. Nígbà tí apá kẹfà sáà karùn-ún jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìbínú pọ̀ débi pé sẹ́nétọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Claire McCaskill, kéde ní gbangba pé òun ò wò ó mọ́. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé lóru ìgbéyàwó náà, nígbà tí Ramsay ń fipá bá Sansa sùn, ojú Theon ni kámẹ́rà gbé sókè, bíi pé ìyà ẹni tó dúró ń wò ló ṣe pàtàkì.

Jaime ti di èèyàn rere. Kí ló dé tó fi padà sọ́dọ̀ Cersei?

Mo lè gbà pé ó padà. Ọkùnrin tó ti ojú fèrèsé ti ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ nítorí obìnrin kan, ó ṣòro kó gé okùn yẹn tán. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ti lé ọkọ tàbí ìyàwó burúkú lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó tún lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà.

Gbólóhùn kan ni mi ò lè dárí jì wọ́n. Ní apá karùn-ún sáà kẹjọ, Jaime sọ fún Tyrion, àbúrò rẹ̀, pé òun ò bìkítà rí nípa àwọn ará ìlú, aláìṣẹ̀ tàbí ẹlẹ́ṣẹ̀. Àní Jaime! Ẹni tó pa Ọba Aerys tó búra láti ṣọ́, nítorí pé Aerys fẹ́ dáná sun gbogbo King's Landing pẹ̀lú ìdajì mílíọ̀nù èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé orúkọ apọba kiri fún ogún ọdún nítorí wọn, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dìgbà tó sọ ọ́ fún Brienne, jagunjagun obìnrin kan, nínú omi ìwẹ̀ ní sáà kẹta. Gbólóhùn kan ṣoṣo pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Nínú ìwé kẹrin, Cersei kọ lẹ́tà sí i pé kó wá gba òun, pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó sì ní kí wọ́n jù ú sínú iná.

Ṣé Daenerys ya wèrè lójijì ni, àbí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè tó ń tú ọ̀rẹ́ ká nìyí: ní apá karùn-ún sáà kẹjọ, Daenerys gun dírágónì, ó dáná sun King's Landing.

Àwọn tó ní ó ti wà lára rẹ̀ ní ẹ̀rí. Ní sáà àkọ́kọ́ ló ti dáná sun obìnrin oníṣègùn kan, Mirri Maz Duur, láàyè. Ní Meereen, ìlú oníṣòwò ẹrú tó ṣẹ́gun, ó kan àwọn ọlọ́lá 163 mọ́ igi nítorí ọmọdé 163 tí wọ́n kàn mọ́ igi lójú ọ̀nà, kò béèrè ta ló jẹ̀bi ta ni kò jẹ̀bi. Ó sun gbogbo àwọn khal, olórí àwọn Dothraki, nínú ilé kan ní Vaes Dothrak, àwa náà sì pàtẹ́wọ́. Ó sun Randyll Tarly àti ọmọ rẹ̀ nítorí pé wọn ò kúnlẹ̀. Pàápàá jù lọ, ní ìparí sáà kejì, ó rí i lójú ìran pé gbọ̀ngàn ìtẹ́ ti wó, òrùlé ti lọ, ohun funfun kan ń já bọ́ sórí ìtẹ́. A pè é ní yìnyín nígbà yẹn. Eérú ni.

Àwọn tó kọ̀ náà ní ẹ̀rí, tiwọn ló sì máa ń wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní ìparí sáà kẹrin, bàbá kan gbé egungun tó ti jóná wá síwájú rẹ̀, ó ní ọmọ òun ni, ọmọ ọdún mẹ́ta, Drogon, dírágónì Daenerys, ló sun ún. Daenerys sunkún. Ó mú dírágónì méjì tó kù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè wọ́n ní ẹ̀wọ̀n sínú ihò, wọ́n ń ké pè é, ó ń sunkún, ó ti òkúta mọ́ wọn. Ọmọ tirẹ̀ ló ń pè wọ́n o, kò sì ní òmíràn. Ẹni tó ṣe èyí nítorí egungun ọmọ kan, báwo ló ṣe wá sun ìlú tó kún fún ọmọdé lẹ́yìn tí agogo ìjuwọ́sílẹ̀ ti dún?

Èrò tèmi ni pé ibi tí wọ́n gbé e lọ ṣeé ṣe, ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni kò gùn tó. Jorah, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, kú ní apá kẹta sáà kẹjọ. Ní apá kẹrin, wọ́n ta Rhaegal, dírágónì rẹ̀, lọ́fà já bọ́ láti ojú ọ̀run, wọ́n sì bẹ́ Missandei, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lórí. Ní apá karùn-ún, Varys dà á, Jon sì ń yẹra fún ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé àǹtí rẹ̀ ni. Ìyà tó tó sáà méjì ni wọ́n rọ́ sínú nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. HBO sì ti ṣe tán láti fún wọn ní apá púpọ̀ sí i. Àwọn ló ní mẹ́fà ti tó. Nínú ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní Aegon, ọmọ Rhaegar, tó ti gúnlẹ̀ sí Westeros ṣáájú Daenerys. Bí àwọn ará ìlú bá fi tayọ̀tayọ̀ gba ìyẹn, tí wọ́n wá ń wo Daenerys bí àjèjì onídírágónì, ìbínú rẹ̀ á ní gbòǹgbò. Eré yọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pátápátá.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò rí kí àwọn èèyàn máa mẹ́nu bà tó. Bí Daenerys bá fò gba ojú òfuurufú lọ tààrà sí ààfin lọ́jọ́ yẹn láti sun Cersei, ì bá yé gbogbo wa. Ojú títì ló yà sí. Bó ṣe ṣí lọ, kámẹ́rà fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín àwọn tó ń sá, a ò sì rí ojú rẹ̀ mọ́ títí apá náà fi parí. Òjìji dírágónì nìkan là ń rí. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ fi ìyà àwọn ará ìlú hàn, mo sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tá a nílò láti wà nínú ọkàn Daenerys jù lọ nínú ìtàn yìí ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ mọ́ wa.

Àwọn òbí ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọmọ wọn ní Khaleesi, oyè Daenerys, kí apá yẹn tó jáde ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Àwa tá a gbà pé orúkọ ń ro ọmọ, ó yé wa ìdí tí inú àwọn yẹn fi bàjẹ́ ju tàwọn yòókù lọ. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú pé kí wọ́n tún sáà kẹjọ ṣe. Mi ò fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ti parí, àwọn òṣèré náà sì ṣe é tọkàntọkàn. Sáà náà ṣì gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy fún eré tó dára jù lọ́dún yẹn.

Ṣé Jon jẹ̀bi bó ṣe pa Daenerys?

Kò jẹ̀bi. Aemon, àgbàlagbà ọ̀mọ̀wé tó wà ní Ògiri, ti sọ fún un láti sáà àkọ́kọ́ pé ìfẹ́ ni ikú ojúṣe, Jon sì fi ọ̀rọ̀ yẹn dá Tyrion lóhùn ní apá tó kẹ́yìn. Nínú gbogbo ìpinnu sáà kẹjọ, èyí ni mo rí gbòǹgbò rẹ̀ jù.

Bran ṣe wá di ọba?

Ọ̀dọ̀ Martin ló ti wá. Isaac Hempstead Wright tó ṣe Bran sọ pé wọ́n sọ fún òun pé ohun méjì ni Martin là kalẹ̀ fún Bran: ohun tó sọ Hodor, ìránṣẹ́ tó ń gbé Bran kiri, di Hodor, àti pé Bran yóò jọba. Ti Hodor ní sáà kẹfà pa gbogbo wa lẹ́kún, torí pé láti ọjọ́ kìíní la ti ń gbọ́ orúkọ náà láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ti ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Bran kò sí ní sáà karùn-ún rárá, ohùn rẹ̀ ò sì ju díẹ̀ lọ ní sáà kẹjọ. Wọ́n gbin àkọ́kọ́, wọ́n kàn gbé ìkejì lélẹ̀ ni.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá kan wà nínú eré náà?

Òótọ́ ni. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní London fún òbí Yorùbá láti Nàìjíríà, ló ṣe Malko ní sáà karùn-ún, olówò ẹrú tó mú Tyrion àti Jorah. Kò pẹ́ lójú eré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wúwo. Inú ilé wa dùn lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ burúkú ni wọ́n fún un ṣe.

Ìwé kò tíì parí. Ṣé ó tọ́ ká máa fi í dá eré lẹ́jọ́?

Kò tọ́ ká fi ohun tí ìwé kò tíì sọ dá a lẹ́jọ́, mo sì máa ń dá ara mi lẹ́kun níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Daenerys inú ìwé kò lè sun ìlú, àbá ló ń dá. Ṣùgbọ́n ti Catelyn, ti Robb, ti Sansa, ti lẹ́tà Jaime, gbogbo wọn ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó ya eré wọn. Wọ́n rí ìdí náà, wọ́n kà á, wọ́n sì yọ ọ́. Ìyẹn ṣeé bi wọ́n.

Bí mo bá fẹ́ fi ojú ara mi wò ó, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ìwé kẹta, èyí tó jáde ní 2000, tí wọ́n fi ṣe sáà kẹta àti ìkẹrin. Ẹ ka orí tí ìgbéyàwó ilé Frey wà nínú rẹ̀, ojú Catelyn la fi ń wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo apá kẹsàn-án sáà kẹta, tó jáde ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2013. Nínú ìwé, Catelyn di Edwyn Frey lápá mú, ó kan irin lábẹ́ aṣọ ṣẹ́dà tó wọ̀, ó sì gbá a létí. Nínú eré, Roose Bolton ló jókòó tì í. Catelyn wo ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó rí ẹ̀wù irin lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí ẹni náà padà, wọ́n yí ilù tó ń dún lẹ́yìn padà, ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yẹn mọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, àti ìgbà tó mọ̀ ọ́n, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ojú Michelle Fairley nígbà tó gbé ọwọ́ aṣọ náà sókè.